Ẹ̀yìn Tí Ayàwòrán Gbé Ọmọ Sí

Àwòrán ogun ló kún ara ògiri ilé iṣẹ́ ayàwòrán náà ní àdúgbò Lazaret, ní Niamey. Ọmọ alùfáà Ìlọrin kan ni, ibẹ̀ náà ni wọ́n bí i sí, kò sì dé ibi tí ìbọn ti dún rí. Síbẹ̀, kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ tó yà, tó kú sáàárín ọ̀nà tòun tẹrù lẹ́yìn, bí mo ṣe rí i gan-an ló rí. Kò ya ojú sí ẹnikẹ́ni lórí. Bàbá rẹ̀ ló kọ̀ ọ́ fún un.

Èyí tó tóbi jù ni mo torí rẹ̀ wá. Ọjà abúlé tí èmi àti ìyàwó tí ọkọ wa fẹ́ lé mi ti ń ta aṣọ ló wà níbẹ̀, lọ́jọ́ tí àwọn oníbọn gun alùpùpù wọ̀ ọ́. Nígbà tí ayàwòrán wá bá wa nílé, mo ní n kò rí nǹkan kan. Ṣé mo mọ ẹni tó lè máa gbọ́? Ìyàwó jókòó tì í, ó sì ro gbogbo rẹ̀ fún un. Ní báyìí tí a ti sá wá sí Niamey, àwọn tí a jọ ń tajà ní ọjà Petit Marché ń kí i: "Akọni obìnrin! Ìwọ tó o pọ̀n ọmọ la iná já!"

Bó ṣe wà nínú àwòrán nìyẹn: ó ń sáré, ọmọ rẹ̀ obìnrin wà lẹ́yìn rẹ̀.

Èmi ni mo pọ̀n ọmọ yẹn. Jìnnìjìnnì ti mú ìyá rẹ̀, mo ń fà á lọ́wọ́ ni. Èmi tí n kò bímọ.

"Èmi ni mo pọ̀n ọ́n," mo sọ fún ayàwòrán.

"Tàntí, ìyá rẹ̀ ní 'a gbé e sáré.' Mo rò pé ẹ̀yìn ìyá lọmọ ń wà."

"Tún un ṣe. Bí ọmọ náà bá dàgbà, ohun tó bá rí níbí ni yóò gbà gbọ́."

Ó gbé pátákó tó fi ń tẹ àwòrán náà jáde. Ibi tó bá gbẹ́ ló ń funfun lórí bébà; ibi tí kò gbẹ́ ló ń dúdú.

"Ohun tí mo bá gbẹ́ dànù kì í padà," ó ní. "Mo lè yọ ọmọ kúrò. Mo sì lè gbẹ́ yín síbí, nínú èéfín."

"Ṣé èèyàn á mọ̀ mí?"

Ó rẹ́rìn-ín. "Tàntí, ṣebí torí kí wọ́n lè mọ̀ yín lẹ ṣe wá?"

Mo rántí àwọn alùpùpù. "Fi tèmi sílẹ̀. Yọ ọmọ yẹn nìkan."

Ó gbé ẹnu ọ̀bẹ lé ẹsẹ̀ ọmọ náà. Mo di ọwọ́ rẹ̀ mú. Bó bá yọ ọ́, ta ni yóò gbé e jáde nínú iná yẹn?

"Jẹ́ kó wà níbẹ̀," mo ní, mo sì jáde.

Nílé, ìyàwó ń dáná. "Ìyálé mi, ẹ ti rí i? Ṣé ó jọ?"

"Ó jọ."

Mo bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, mo gbé ọmọ rẹ̀ pọ̀n, mo so ọ̀já le dáadáa.

"Ẹ sọ ọ́ kalẹ̀ o, ó ti wúwo jù fún yín."

"Ó ti wúwo jù báyìí lọ rí," mo ní.

Ó kọjú sí ìkòkò rẹ̀.