Wọ́n Ní Ìyá Olúrẹ̀mí Ń Sinmi Nílé

Sarah Gbénró, tí gbogbo ayé ń pè ní Ìyá Olúrẹ̀mí, kú ní Makun-Omi ní òwúrọ̀ Sátidé kan nínú oṣù kẹjọ ọdún 2022. Ọ̀fun rẹ̀ ló wú títí èémí kò fi rí ọ̀nà gbà mọ́. Ẹni ọdún mọ́kànléláàádọ́ta ni. Ọkọ rẹ̀, Bàbá Zechariah, tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ kíkan ọkọ̀ ojú omi, ló fi ọwọ́ ara rẹ̀ kan pósí. Ìjọ rẹ̀ wọ aṣọ funfun, wọ́n kọrin tẹ̀lé e dé ibojì. Kò sí ẹni tí kò mọ̀ ní Makun-Omi pé obìnrin yìí ti kú.

Ibì kan ṣoṣo ni kò tíì kú sí. Nínú àbájáde ìwádìí kan tí wọ́n kà sí àwa dókítà létí ní gbọ̀ngàn kan ní Àgọ́-Ìwòyè, oṣù méje lẹ́yìn ìsìnkú, Ìyá Olúrẹ̀mí wà láàyè, ara rẹ̀ sì le. Orúkọ rẹ̀ níbẹ̀ ni Aláìsàn Keje. Ohun tí wọ́n kọ síwájú orúkọ náà ni: "Ó ń sinmi nílé." Lábẹ́ rẹ̀ ni wọ́n ti ṣe àròpọ̀: aláìsàn méjìlá, kò sí ẹni tó kú. Gbọ̀ngàn pàtẹ́wọ́. Èmi náà pàtẹ́wọ́, torí ọwọ́ mi ti gbéra kí ojú mi tó ka ìlà náà tán.

Kí n tètè sọ ọ́: ẹgbẹ́ olùwádìí yìí kì í ṣe ara yunifásítì. Ọ́fíìsì ni wọ́n háyà nílùú náà. N kò ní dárúkọ wọn. Àwọn náà ò kúkú dárúkọ Ìyá Olúrẹ̀mí.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé àrùn tó pa á, torí iṣẹ́ mi nìyẹn, mo sì ti ṣàlàyé rẹ̀ fún ẹni tí kò kàwé rárá, ó sì yé e. Ara wíwú méjì ló jọ ara wọn. Èyí tó wọ́pọ̀ ni ti ohun tí ara kọ̀: ènìyàn á jẹ edé, tàbí kí oyin ta á, ara á máa yún un, á lé wúruwùru, abẹ́rẹ́ kan á sì rọ̀ ọ́. Èkejì ṣọ̀wọ́n gan-an. Ohun kan wà nínú ẹ̀jẹ̀ wa tó dà bí bíréèkì. Òun ni kì í jẹ́ kí omi inú iṣan jò sínú ẹran ara. Àwọn kan wà tí a bí tiwọn láìmúná. Lọ́jọ́ kan, láìjẹ ohunkóhun, ètè á wú, tàbí ọwọ́, tàbí kí inú máa rún wọn bí ẹni tó ń rọbí. Kì í yún wọn. Á ṣe bí ọjọ́ mẹ́ta, á lọ. Ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ ọ̀fun ló wú, kì í dúró di ọjọ́ mẹ́ta. Abẹ́rẹ́ tó ń wo ti àkọ́kọ́ kò ran ti èkejì. Ó sì ń bá ìran lọ: ọmọ tí ẹni tó ní in bá bí lè gbà á, ó sì lè má gbà á, bákan náà ni méjèèjì rọrùn.

Ní ọdún 2003, ojú Ìyá Olúrẹ̀mí wú, wọ́n gbé e lọ sí ilé ìwòsàn kan, wọ́n wò ó fún ìṣẹ́jú mélòó kan, wọ́n sì rí ọ̀daràn mú. "Màmá, ẹja ni. Ara yín kọ ẹja." Wọ́n kọ ọ́ sí káàdì fún un pé ẹja ni. Ta ni wọ́n sọ èyí fún? Ẹni tí a bí sí etí ọ̀sà, tí ìyá rẹ̀ yan ẹja, tí òun náà ń yan ẹja tà. Ọdún méjìdínlógún ni obìnrin yìí fi ń yan ẹja tí kò fi kan ẹnu rẹ̀.

"Dókítà," ó sọ fún mi nígbà tí a kọ́kọ́ ríra, ní ìparí ọdún 2021, "mò ń yan án, mò ń gbóòórùn ẹ̀, mo wá ń wo ẹnu oníbàárà bí ajá."

Mo bi í pé ìgbà wo gan-an ni ara rẹ̀ máa ń wú. Ó ní, "Ẹ bi Bùsúyì."

Bùsúyì ni akọ̀wé ìjọ Aládùúrà tí wọ́n ń lọ, aránṣọ ni. Ìjọ náà ní ìwé ẹ̀bẹ̀: ẹnikẹ́ni tí wọ́n bá gbàdúrà fún, Bùsúyì á kọ ọjọ́, orúkọ, ohun tó ń ṣe é, àti bó ṣe parí. Ó tú ìwé náà jáde nínú ọ̀rá, ó ní, "Ẹ má bínú sí ìkọ̀wé mi o, Dókítà. Aránṣọ ni mí, ìlà ni mo mọ̀ ọ́n fà." Pẹ́ńsùlù ló fi kọ ọ́. Mo jókòó sórí bẹ́ǹṣì, mo kà á. "Ìyá Olúrẹ̀mí. Ètè wú lẹ́yìn tí wọ́n yọ eyín. Kò yún. Ọjọ́ kẹta, ó wálẹ̀. Ògo ni fún Ọlọ́run." "Ìyá Olúrẹ̀mí. Inú rírún. Kò jẹun látàárọ̀. Ọjọ́ kejì, ó lọ. Ògo ni fún Ọlọ́run." Ìgbà mọ́kànlélọ́gbọ̀n ló kọ ọ́. Kò sí ẹja nínú ìkankan. Mo ti ka ọ̀pọ̀ fáìlì ní ilé ìwòsàn ńláńlá, nílé àti lẹ́yìn odi. N kò rí èyí tó mọ́ tó ìyẹn. Èmi tí mo fi ọdún mẹ́rìndínlógún kọ́ṣẹ́, inú ìwé aránṣọ ni mo ti rí àrùn náà.

Nígbà tí mo sọ fún un pé ẹja kọ́, ẹ̀rín ló kọ́kọ́ pa á. "Áà! Wọ́n wá fi ẹja sẹ́wọ̀n ọdún méjìdínlógún láìjẹ̀bi!" Ó wá rọra bi mí, bí ọmọdé tó ń tọrọ nǹkan: "Ṣé kí n jẹ ẹ́ ni?" Mo ní, "Ẹ jẹ ẹ́, mà." Lọ́jọ́ kejì ó pè mí lórí fóònù pé òun ti jẹ odidi ọ̀bọ̀kún kan tán, òun ò sì fún Bàbá lórí ẹ̀.

Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ẹnu kì í ṣe ẹ̀rí nínú iṣẹ́ wa. Ẹ̀jẹ̀ ló gbọ́dọ̀ jẹ́rìí, a kò sì ní ibi tí a ti lè yẹ̀ ẹ́ wò nítòsí. Ẹgbẹ́ olùwádìí yìí ń kó irú aláìsàn bẹ́ẹ̀ jọ, wọ́n ń fi ẹ̀jẹ̀ ránṣẹ́ sókè òkun, wọ́n sì ṣèlérí pé ẹni tí èsì bá mú, àwọn á fún un ní ìtọ́jú. Èmi ni mo júwe ọ̀nà fún un. Ó lọ, ó mú Olúrẹ̀mí ọmọ rẹ̀ dání. Wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ àwọn méjèèjì nínú oṣù kejì ọdún 2022. Lẹ́yìn ìyẹn, ìgbà márùn-ún ni wọ́n dá ọjọ́ fún Ìyá Olúrẹ̀mí, ìgbà márààrún ló lọ: ọ̀kadà láti Makun-Omi, ọkọ̀ dé Ìjẹ̀bú-Òde, ọkọ̀ mìíràn dé Àgọ́-Ìwòyè. Ní ìgbà kẹrin, ó bá ilẹ̀kùn ní títì. Wọ́n lẹ ìwé mọ́ ọn pé àwọn òṣìṣẹ́ ti lọ gba ẹ̀kọ́ lórí bí a ṣe ń bọ̀wọ̀ fún aláìsàn.

Ọjọ́ kẹsàn-án oṣù kẹfà ni èsì dé láti òkè òkun. Mo ti fi ojú ara mi rí déètì náà. Ó fìdí rẹ̀ múlẹ̀ pé àrùn náà ni. Ọ̀sẹ̀ mẹ́sàn-án ni èsì yìí fi jókòó sínú dúrọ́ọ̀, tí ẹni tó ni ẹ̀jẹ̀ sì ń yan ẹja ní Makun-Omi. Wọ́n ní òfin ìwádìí kò gbà kí aláìsàn gbọ́ èsì kí ìwádìí tó parí, kó má baà da iṣẹ́ rú. Ẹ bá mi rò ó. Ìwádìí wo ló ń rú nítorí pé aláìsàn mọ ohun tó ń ṣe òun?

Ní òwúrọ̀ Sátidé yẹn, nọ́ọ̀sì tó wà lẹ́nu iṣẹ́ ní ilé ìwòsàn Makun-Omi ṣí àpò Ìyá Olúrẹ̀mí, ó rí káàdì 2003: ẹja. Ó gún un ní abẹ́rẹ́ tí a ń gún ẹni tí ara rẹ̀ kọ ẹja, lẹ́ẹ̀mẹta. Nọ́ọ̀sì náà ò ṣe àṣìṣe; ohun tí ìwé wí ló ṣe. Èmi ni mo ti sọ fún Ìyá Olúrẹ̀mí pé ẹja kọ́. Ẹnu ni mo fi sọ ọ́. N kò kọ ọ́ síwèé fún un, nítorí amọṣẹ́dunjú ni mí, mo ń dúró de èsì. N kò lè búra pé kì bá tí kú bó bá gba èsì lóṣù kẹfà. Ṣùgbọ́n oògùn oníhóró kan wà ní ilé ìpoògùn Ìjẹ̀bú-Òde tó máa ń dín in kù lára àwọn kan. Ìwé pélébé kan ì bá sì ti sọ fún nọ́ọ̀sì pé kó má fi abẹ́rẹ́ ṣòfò, kó tètè wá ọ̀nà èémí.

Báwo wá ni òkú ṣe ń sinmi nílé? Bàbá Zechariah ló sọ ọ́ fún mi, pẹ̀lú ohùn Ìjẹ̀bú tí n kò lè kọ bó ṣe dùn. Nínú oṣù kẹwàá, fóònù rẹ̀ dún.

"Láti ọ́fíìsì ìwádìí ni, sà. Báwo ni Màmá?"

"Màmá ti sinmi."

"Ẹ ṣeun, sà. Ẹ bá wa kí wọn."

Àgbàlagbà ni Bàbá. Kì í la ikú aya rẹ̀ mọ́ àlejò lórí nínú fóònù. Ó sọ ọ́ bí a ṣe ń sọ ọ́ nílé àti nínú ìjọ. "Mo fẹ́ bú u," ló wí, "mo tún rò ó pé bóyá bí àwọn alákọ̀wé ṣe ń báni kẹ́dùn nìyẹn. Mo bá lọ síbi ibojì. Mo ní, 'Ìyá Rẹ̀mí, àwọn tó gbẹ̀jẹ̀ rẹ ní kí n kí ọ.'"

Mo bi í pé kí ni Màmá wí.

"Wọn ò fèsì. Ẹ̀yin náà, ṣé ẹ ti fún wọn lésì tiwọn ni?"

Mo wá akọ̀wé tó tẹ fóònù náà kàn. Ọmọ Yorùbá ni, ó sì níwà. Ó fi fọ́ọ̀mù hàn mí. Àpótí mẹ́rin ló wà níbẹ̀: ó ń ṣiṣẹ́, ó ń sinmi nílé, ó wà ní ọsibítù, a kò rí i. "Bàbá ní wọ́n ti sinmi, sà, mo bá sàmì sí 'sinmi'."

"'Ti' àti 'ń' wá jẹ́ ọ̀kan náà?"

"Fọ́ọ̀mù ò ní 'ti', sà."

Òtítọ́ ló sọ. Ìwádìí lórí àrùn tó ń pànìyàn, fọ́ọ̀mù rẹ̀ kò ní àyè fún ikú. Nínú irú ìwé bẹ́ẹ̀, ta ni ì bá kú?

Lọ́jọ́ àpérò yẹn, lẹ́yìn àtẹ́wọ́, mo lọ bá olórí ìwádìí, ẹ̀gbọ́n mi nínú iṣẹ́. Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n, Aláìsàn Keje ti kú."

"Ha! Kí Ọlọ́run tu ẹbí nínú." Ó gbé àwo ìrẹsì rẹ̀ sọ́wọ́ òsì. "Ṣùgbọ́n a ti ti àkọsílẹ̀ pa, àbúrò. Ìwé ti lọ sọ́dọ̀ àwọn tó máa tẹ̀ ẹ́. A ò lè tìtorí ẹnì kan ṣoṣo ṣí i."

Ẹnì kan ṣoṣo kọ́, sà. Ìyá Olúrẹ̀mí ni wọ́n ń pè é. Orúkọ náà fúnra rẹ̀ sọ pé ó bímọ, àrùn yìí sì ń bá ọmọ lọ. Ẹni tó bá pè é ní orúkọ rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan péré ni ì bá rántí béèrè Olúrẹ̀mí. Aláìsàn Keje ni kò lọ́mọ.

Olúrẹ̀mí ń kọ́ àwọn ọmọ ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní Ìjẹ̀bú-Igbó. Láti Kérésìmesì, ọwọ́ tó fi ń mú ṣọ́ọ̀kì ti wú lẹ́ẹ̀mejì. Àwọn ọmọ ní, "Àǹtí, ọwọ́ yín ti sanra." Kò yún un. Ó lọ béèrè èsì tirẹ̀. Wọ́n wo inú kọ̀ǹpútà, wọ́n ní àkọsílẹ̀ ti di títì pa, àti pé kó má ṣèyọnu, ìyá rẹ̀ ń ṣe dáadáa. Mo ti tún ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ gbà, mo ti fi ránṣẹ́ lọ́nà mìíràn. Yóò gbà tó oṣù mẹ́rin. Ọ̀fun kì í béèrè kàlẹ́ńdà. Mo ti fún un ní oògùn oníhóró yẹn, mo sì ti kọ ọ́ síwèé lọ́tẹ̀ yìí, pẹ̀lú ìbuwọ́lù mi: ẹja kọ́.

"Dókítà," ló sọ fún mi, "èmi ò bẹ̀rù pé mo ní in. Ohun tí mò ń bẹ̀rù ni kí wọ́n má lọ kọ ọ́ pé mò ń sinmi."

Nítorí náà, ẹ̀gbọ́n mi, ẹ ṣí àkọsílẹ̀ náà. Ẹ fún Olúrẹ̀mí ní èsì rẹ̀ nínú oṣù yìí, ní orí ìwé, kì í ṣe lẹ́nu. Ẹ sọ fún wa ní gbangba ẹni tó pàṣẹ pé kí èsì tó dé ní oṣù kẹfà sùn sínú dúrọ́ọ̀. Bí ìgbìmọ̀ kan bá jókòó lórí ọ̀rọ̀ yìí, kí wọ́n kọ́kọ́ pe èmi. Mo ti sọ ẹ̀ṣẹ̀ tèmi síbí. Kí ẹ sì pa "ó ń sinmi nílé" rẹ́, kí ẹ kọ òtítọ́ síbẹ̀.

Kò ṣòro kọ. Bùsúyì ti kọ ọ́. Ìlà kejìlélọ́gbọ̀n ni, òun nìkan ni kò sì fi "Ògo ni fún Ọlọ́run" parí: "Ìyá Olúrẹ̀mí. Ọ̀fun wú. Agogo méje ku ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Ó kú." Lẹ́tà mẹ́ta péré. Bí kò bá sí àpótí fún un, Bùsúyì ṣetán láti wá bá yín fa ìlà rẹ̀.

Bí èsì Ìyá Olúrẹ̀mí bá sì ti kúrò nínú dúrọ́ọ̀, ẹ pe Bàbá Zechariah. Ẹ má ní kó bá yín kí wọn mọ́. Ẹ ka èsì náà fún un bó ṣe wà. Ó mọ ọ̀nà ibojì.