Ìbọ̀wọ́ Ìjọba Tí Àlímọ̀t Lọ Gbà

Fún ọ̀pọ̀ ọdún, bí obìnrin Mùsùlùmí bá kú ní Ẹnu Ọ̀wá, Àlímọ̀t ni wọ́n ń pè kí ó wá wẹ̀ ẹ́. Ó wẹ olówó, ó wẹ òtòṣì, ó sì máa ń bá wọn wí lórí ìwẹ̀: “Hàjíà, ẹ dẹ apá yín ká ríbi fọ̀, ìgbéraga ti parí o.” Àwọn alààyè ń sá fún ẹnu rẹ̀. Àwọn òkú ni kò ríbi sá sí.

Ní nǹkan bí ọdún 1994, rédíò ń pariwo éèdì tọ̀sán tòru, ìpayà sì gba ìgboro kan. Nígbà tí àrùn náà pa Hussainat, ọmọ Morufat, ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan, gbogbo obìnrin tí ń bá Àlímọ̀t pọn omi ìwẹ̀ òkú ni ó rántí lójijì pé ẹ̀yìn ń dun òun.

Mọ̀núrù, àbúrò bàbá olóògbé, dá ìmọ̀ràn: “Ẹ jẹ́ ká dì í sínú ọ̀rá, ká tètè lọ sin ín.”

“Ọ̀rá? Ṣé ẹja inú fíríìsà ni? Bí o bá tún wí bẹ́ẹ̀, ìwọ ni n ó kọ́kọ́ wẹ̀, lóòyẹ̀!”

Morufat di etí aṣọ Àlímọ̀t mú. “Ẹ̀gbọ́n, ẹ má jẹ́ kí wọ́n sin ọmọ mi láìwẹ̀.”

Ẹ̀rù ń ba Àlímọ̀t pàápàá. Ọṣẹ àti omi ti la àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ bí ilẹ̀ ọ̀gbẹlẹ̀, nọ́ọ̀sì kan sì ti kìlọ̀ fún un pé kí ó má ṣe fi ọwọ́ tí ó bó kan ẹ̀jẹ̀ ẹni tí ó ní àrùn náà. Kí ó gba ìbọ̀wọ́ rọ́bà lọ́dọ̀ ìgbìmọ̀ tí ìjọba fún lówó ìdènà àti ìtọ́jú. Ó ti lọ títí, èsì wọn kò yí padà: “Owó kò tí ì jáde.” Ṣùgbọ́n ọjọ́ náà gan-an ni ìgbìmọ̀ ń ṣí ètò rẹ̀ ní gbọ̀ngàn kan ní Lafiaji, òkú Mùsùlùmí kò sì gbọdọ̀ dúró di ọ̀la. Àlímọ̀t ki ẹsẹ̀ bọ sálúbàtà, ó di Lafiaji.

Owó ti jáde lóòótọ́. Ó jáde ní fìlà, ó jáde ní ẹ̀wù tí wọ́n kọ ọ̀rọ̀ sí láyà, ó jáde ní ìrẹsì àti itan adìẹ. Ọ̀gbẹ́ni Gbénga, alága ìgbìmọ̀, ń kéde lórí pèpéle pé kí ẹnikẹ́ni má ṣe ta aláìsàn nù, pé bíbọ̀ wọ́n lọ́wọ́ kì í kó àrùn ranni. Lẹ́yìn náà ni ó pe àwọn aláìsàn díẹ̀ tí wọ́n kó wá fún fọ́tò. Òun àti àwọn ọmọ ìgbìmọ̀ rẹ̀ na ọwọ́ sí wọn, gbogbo ọwọ́ náà funfun báláú nínú ìbọ̀wọ́ rọ́bà.

“Áà! Àṣé ẹ ti múra tán!” Àlímọ̀t kígbe. “Òkú ń dúró dè wá ní Ẹnu Ọ̀wá, alága.”

“Òkú wo, Ìyá?”

“Òkú éèdì. Ìbọ̀wọ́ ìtọ́jú kọ́ lẹ wọ̀ yẹn? Ẹ̀yin ọkùnrin ò ní wẹ̀ ẹ́ o, ẹ ó kàn bá wa da omi ìwẹ̀ nù ni. Onífọ́tò, máa bọ̀!”

Onífọ́tò, ìkà ènìyàn, ti gbé kámẹ́rà rẹ̀ kọ́rùn. Kíá ni ìbọ̀wọ́ ń bọ́ bí awọ ejò. Akápò ṣàlàyé pé òtútù ni òun wọ tòun sí, ní ọ̀sán gangan.

“Ìyá, ẹ rọra,” alága bẹ̀ ẹ́. “Kí lẹ fẹ́ gan-an?”

“Páálí ìbọ̀wọ́ tó wà lábẹ́ tábìlì yẹn, èyí tẹ́ ẹ ò tíì fi jẹ adìẹ.”

Alága fúnra rẹ̀ ni ó gbé páálí rù ú, ó ní kí ó ṣáà má dárúkọ òkú mọ́ títí àlejò yóò fi jẹun tán. Ọ̀kan nínú àwọn aláìsàn, Ìyá Ìbùkún, rẹ́rìn-ín títí ó fi di ìhà mú. Ó ṣí fìlà ìgbìmọ̀ sórí àga, ó tẹ̀lé Àlímọ̀t.

“N ó bá yín pọn omi. Wọ́n ti ya fọ́tò mi tán.”

Kí oòrùn tó wọ̀, wọ́n ti wẹ Hussainat mọ́ tónítóní. Morufat ni ó fọ irun rẹ̀. Ìbọ̀wọ́ tóbi jù fún un, orí ìka ìbọ̀wọ́ náà ń mì lẹ́gẹlẹ̀gẹ nínú omi, ṣùgbọ́n kò gbà kí ẹlòmíràn bá a ṣe é.