Ṣẹ́ẹ̀tì Pupa Akọrin

Títí dòní, bí mo bá gbóòórùn áyọ́ọ̀nù eléèédú lórí aṣọ, ọ̀sán kan ní Ìkàrẹ́ ni mo máa ń rántí.

Ìyá mi ló rán ṣẹ́ẹ̀tì pupa fún ẹgbẹ́ olórin róòkì tó ń dánra wò lẹ́yìn ilé wa. Bí ẹnì kan bá kúrò, ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀ á padà wá, ìyá mi á tú u, á tún un rán títí yóò fi bá ẹni tuntun mu. Èmi rò pé ṣẹ́ẹ̀tì ló mọ orin.

Lọ́sàn-án yẹn, Bọ̀ọ̀dá onígìtá gbé ti akọrin wọlé. Akọrin ti bá ẹgbẹ́ mìíràn lọ, wọ́n sì ń retí ẹgbẹ́ Bọ̀ọ̀dá níbi eré ní Ọ̀kà nírọ̀lẹ́.

"Ìyá Ráfátù, ẹ bá wa fi pamọ́. A ò rí ẹni tó máa wọ̀ ọ́."

Ìyá mi jókòó sídìí ẹ̀rọ. Kò wọn ẹnikẹ́ni. Ó ń rán an, ó ń kọ orin wọn lábẹ́nu. Mo ti dàgbà kí n tó gbọ́ pé òun ló kọ́ gbogbo akọrin wọn lórin.

Ó fi áyọ́ọ̀nù lọ̀ ọ́, ó sì wọ̀ ọ́ sórí ìró rẹ̀ pẹ̀lú ooru iná lára aṣọ náà.

"Lọ pe àwọn tó kù," ó wí fún Bọ̀ọ̀dá. "Ọ̀kà ò jìnnà."