Wọ́n Ní Ká Fi Ọmọ Dúpẹ́ Ìrẹsì

Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ láìfepo bọyọ̀: mi ò fẹ́ràn ẹ̀gbọ́n ọkọ mi obìnrin. Òun náà ò fẹ́ràn mi, ṣùgbọ́n torí pé òun ló lówó, ìbáwí ni wọ́n ń pe tiẹ̀, ẹ̀mí burúkú ni wọ́n ń pe tèmi.

Gowon Estate ló ń gbé. Àwa wà ní Ẹ̀gbẹ́dá, nínú yàrá kan àti pálọ̀, èmi, ọkọ mi àti àwọn ọmọ wa. Ayé ṣọ́jà ni. Ilé iṣẹ́ ọkọ mi ní Ìkẹjà ti dá àwọn òṣìṣẹ́ dúró, ó sì bá wọn lọ. Tíṣà ni èmi, nílé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Wọn kì í sanwó oṣù wa bọ̀rọ̀, tá a bá sì béèrè, wọ́n á ní èrè tíṣà ń bẹ lọ́run. Ṣíọ̀! Bí ẹni pé ọ̀run ni mo ti ń ra kẹrosíìnì.

Kílẹ̀ tó mọ́, mo ti pọnmi ní kànga, mo ti po ògì tó ṣàn bí omi. Tí mo bá dé nírọ̀lẹ́, tí mo bá pín oúnjẹ fáwọn ọmọ tán, màá ní mo ti jẹun níbi iṣẹ́. Irọ́ ni jàre. Eruku ṣọ́ọ̀kì nìkan ló wọ̀ mí lẹ́nu níbi iṣẹ́. Síbẹ̀, láràárọ̀ la máa ń kúnlẹ̀ dúpẹ́ pé a jí, mo sì máa ń dúpẹ́ náà tọkàntọkàn. Ọlọ́run ò ní kí n múra wá sí Estate kí n tó dúpẹ́.

Lọ́jọ́ kan, Àǹtí, ẹ̀gbọ́n ọkọ mi yìí, fi ìdajì àpò ìrẹsì ránṣẹ́ sí wa, pẹ̀lú aṣọ táwọn ọmọ rẹ̀ ti wọ̀ sílẹ̀. Kòkòrò ń ṣèpàdé nínú ìrẹsì náà. Aṣọ tí síìpù rẹ̀ ò bá bàjẹ́, bọ́tìnì rẹ̀ ti já. A jẹ ẹ́ o! A sì wọ̀ ọ́. Ebi kì í wọnú kí ọ̀rọ̀ mìíràn wọ̀ ọ́. Àkọ́bí mi, ọmọbìnrin tó wà ní práímárì fáìfù, ló gbé atẹ́ síta, tó jókòó sórí àpótí, tó ń ṣa kòkòrò àti òkúta kúrò. Kò ráhùn.

Ọmọ Yorùbá ni mí, mo mọ bá a ṣe ń dúpẹ́. Ẹ ó dúpẹ́ lójú ẹsẹ̀, tílẹ̀ bá mọ́, ẹ ó tún lọ kí wọn pé ẹ ṣeun àná. Ẹni tá a ṣe lóore tí kò dúpẹ́, bí ọlọ́ṣà kó ni lẹ́rù lọ ni. Ìyẹn ò ni mí lára. Ṣùgbọ́n ọpẹ́ tí Àǹtí ń fẹ́ ni èyí táwọn èèyàn á gbọ́. Tí mo bá kúnlẹ̀ tí kò sí àlejò nílé, á ní, "Ìyàwó, dúró ná, àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì ń bọ̀." Màá dúró. Tí wọ́n bá jókòó tán, á yíjú sí mi: "Ẹ̀hẹ́n, kí lo ń sọ lẹ́ẹ̀kan?" Ẹ gbà mí! Ọkọ mi á ti dọ̀bálẹ̀ gbalaja, á máa kì í bí ẹni tó ń ki ọba.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì tí ìrẹsì dé, a wọṣọ ṣọ́ọ̀ṣì, a fẹsẹ̀ rìn dé Estate. Mo ti kọ́ ọmọ mi pé tó bá délé onílé, kó má dúró kí wọ́n rán an. Bí àwa àti Àǹtí ṣe mu tíì tán, ọmọ náà ti kúnlẹ̀ kó ife. Ó fọ̀ ọ́, ó nu tábìlì, ó gbálẹ̀ níbi tí èérún búrẹ́dì já sí. Inú mi ń dùn ṣìnkìn, òmùgọ̀ èmi! Mo fẹ́ kí Àǹtí rí i pé òtòṣì lè lẹ́kọ̀ọ́. Ó kúkú rí i. Ọmọ ọ̀dọ̀ rẹ̀ ti sá lọ lọ́sẹ̀ tó ṣáájú, ojú rẹ̀ ò kúrò lára ọmọ mi mọ́.

Ní Sátidé, ó wa ọkọ̀ wá sílé wa. Ó tẹ́ áńkáṣíìfù sórí àga wa kó tó jókòó. Mo sọ fáwọn ọmọ kí wọ́n wọ yàrá.

"Nǹkan ò rọrùn fún ẹ̀yin náà," ó sọ fún ọkọ mi. "Jẹ́ kí àkọ́bí yín máa bá mi lọ lónìí. Á máa ràn mí lọ́wọ́, n ó sì fi í sí skúùlù gidi."

Ọkọ mi ń wo fáànù àjà. Iná ò sí, fáànù ò yí, ó ṣá ń wò ó.

"Àbí ẹnu lásán lẹ fi ń dúpẹ́ lọ́wọ́ mi ni?"

Fáànù náà ni ọkùnrin yìí ṣì ń wò. Wọ́n ní ọmọ ẹni kì í burú títí ká fi fún ẹkùn pa jẹ. Tèmi tó wá dára ńkọ́? Mo kúnlẹ̀, mo gbóhùn sókè, kí gbogbo kọ́ńpáùnù lè gbọ́, ṣebí ohun tó fẹ́ nìyẹn.

"Àǹtí, ẹ ṣé o. A dúpẹ́ ìrẹsì, a dúpẹ́ aṣọ, a dúpẹ́ tíì. Ẹ kú ìnáwó, ẹ kú ìtọ́jú, a ò lè dúpẹ́ tán." Mo wá dìde. "Ṣùgbọ́n ọmọ mi kọ́ la fi ń dúpẹ́. Ẹ lọ wá ọmọ ọ̀dọ̀."

"Aláìmoore!" Ó ká áńkáṣíìfù rẹ̀. "Ìwọ àbúrò mi, ẹ̀ẹ̀kan lo fẹ́yàwó, ọ̀tá lo fẹ́." Ó jáde, ó pa ilẹ̀kùn ọkọ̀ gbàgà. Kó máa lọ jàre. Inú mi dùn, mo tiẹ̀ pòṣé tẹ̀ lé e.

Mo ṣí kọ́tìnì yàrá. Àwọn àbúrò ń ṣeré lórí ẹní. Àkọ́bí mi jókòó sétí bẹ́ẹ̀dì, ó ti wọ bàtà ṣọ́ọ̀ṣì. Ó ti kó yunifọ́ọ̀mù àti aṣọ rẹ̀ sínú ọ̀rá dúdú, ó gbé e lé itan. Ó fi ìka dí etí méjèèjì, ó sì pa ojú dé.

Mo fà á lọ́wọ́ kúrò létí. "Kí lò ń ṣe?"

"Mọ́mì, ṣé kí n jáde báyìí?"

"Jáde lọ síbo?"

"Dádì ò sọ̀rọ̀. Ẹ̀yin náà wá ń dúpẹ́. Mo rò pé ẹ ti gbà, mo bá dí etí mi." Ó wolẹ̀. "Mi ò ní sunkún, kójú má bàa tì yín. Àmọ́ ṣé wọ́n á jẹ́ kí n máa wá kí yín?"

Mo jókòó sílẹ̀ níwájú rẹ̀, mo bẹ̀rẹ̀ sí bọ́ bàtà náà. Ó ti ta okùn rẹ̀ ní kókó lórí kókó, ó pẹ́ kí n tó tú u.