Ẹ̀yìn Aṣọ Sinimá

Láàárọ̀ àná, mo rí ọmọ ọmọ mi, Bọ́láńlé, nínú fídíò tó fi fóònù ya ara ẹ̀, tó ń fi ọwọ́ òsì ju gúgúrú sẹ́nu. Yunifásítì tó wà ní Ògbómọ̀ṣọ́ níbí ló ń lọ, ọ̀dọ̀ mi ló sì ń gbé. Iṣẹ́ tó yàn láàyò ni kó máa wo fíìmù, kó wá jókòó síwájú fóònù, kó sọ fún aráyé èyí tó dáa àti èyí tí ò dáa. Ti àtijọ́, ti ìsinsìnyí, ti ìfẹ́, ti ogun, ti iwin, kò sí èyí tí kì í fẹnu bà. Mo ní, "Bọ́láńlé, o wá ń fọwọ́ òsì jẹun lójú gbogbo ayé?"

Ó rẹ́rìn-ín. "Màmá, ọwọ́ ọ̀tún ni o. Fóònù ló yí i padà. Bẹ́ẹ̀ ló máa ń ṣe téèyàn bá ya ara ẹ̀."

Ó padà sídìí iṣẹ́ ẹ̀. Èmi jókòó síbẹ̀, òórùn gúgúrú wà nínú yàrá, orúkọ kan tí mi ò pè láti ọjọ́ pípẹ́ sì wá sí mi lẹ́nu. Ràmátù.

Ọ̀yọ́ ni wọ́n bí mi sí, nínú agbo ilé àwọn tó ń fín igbá, lẹ́yìn ọjà Akẹ̀sán. Ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí, ike lẹ fi ń mu omi, ẹ ò lè mọ bí igbá ṣe ń rùn tó kó tó di igbá. Wọ́n á rẹ ẹ́ sómi títí inú ẹ̀ á fi jẹrà, àwa ọmọdé á wá jókòó yíká lábẹ́ igi ọ̀dán, a ó máa fi irin họ inú ẹ̀. Iṣẹ́ tó ń súni ni. Mi ò kà ju ìwé kẹrin lọ. Ìyókù ohun tí mo mọ̀ nípa ayé nígbà náà, abẹ́ igi ọ̀dán yẹn ni mo ti gbọ́ ọ, lẹ́nu Ràmátù.

Ilé kejì sí tiwa ló ń gbé. Ìyá ẹ̀ ń ta gúgúrú àti ẹ̀pà. Tí ọkọ̀ sinimá bá wọ̀lú, wọ́n á ta aṣọ funfun ńlá kan mọ́ òpó méjì ní pápá ilé ìwé. Àwọn tó sanwó á jókòó níwájú aṣọ, nínú ọgbà tí wọ́n fi imọ̀ ọ̀pẹ ṣe. Àwọn tó ń tajà á wà lẹ́yìn ẹ̀, létí igbó. Ẹ̀yìn yẹn ni Ràmátù máa ń jókòó sí, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyá ẹ̀. Iná tí wọ́n ń tàn sí aṣọ náà a máa là á já, ó sì ń wo fíìmù lọ́fẹ̀ẹ́. Ní tiwa, bàbá mi ò gbà kí ọmọdé jáde lẹ́yìn ìrun iṣáì. Ojú Ràmátù ni ojú wa.

Tílẹ̀ bá mọ́, tí a bá ti gbé irin, a ó ní, "Ràmátù, ó yá." Kì í kánjú. Yóò kọ́kọ́ dá ẹjọ́ fíìmù náà kó tó sọ ọ́. Ti kọ́bọ́ì: "Ẹṣin wọn dáa. Àwọn tó gùn ún ni ò dáa." Ti Ṣáínà, tí wọ́n ti ń fò bí ẹyẹ: "Wọ́n mọ̀ ọ́n jà, àmọ́ wọn ò mọ ohun tí wọ́n ń jà sí." Ti Índíà: "Orin pọ̀, wọn ò jẹun." Bí fíìmù ṣe wù kó dùn tó, tí ẹnikẹ́ni ò bá ti jẹun nínú ẹ̀, Ràmátù á ní fíìmù ebi ni. Èyí tí ákítọ̀ bá sì kú nínú ẹ̀, kì í sọ ọ́ rárá. Ákítọ̀ là ń pe ẹni tó ni fíìmù, ẹni tí gbogbo wa wà lẹ́yìn ẹ̀. Ákítọ̀ kì í kú. Òfin ni.

Ohun kan ló ń kọ ọ́ lóminú: ọwọ́ òsì ni gbogbo wọn ń lò. Òyìnbó o, Índíà o, Ṣáínà o. Òsì ni wọ́n fi ń yìnbọn, òsì ni wọ́n fi ń jẹun, òsì ni wọ́n fi ń gba ìyàwó lọ́wọ́ bàbá ìyàwó. "Ẹ̀kọ́ ilé ò sí lọ́hùn-ún," ni Ràmátù máa ń wí, àwa náà á mirí. Sílífá, ọmọ ẹ̀gbọ́n bàbá mi, tí ẹnu ẹ̀ mú bí abẹ, bi í lọ́jọ́ kan pé báwo ni ìwé tí wọ́n ń kọ síbẹ̀rẹ̀ fíìmù ṣe rí. Ràmátù ní, "Láti ọ̀tún ni wọ́n ti ń kọ ọ́ bọ̀ wá sósì, bíi ti kéwú wa." Inú wa dùn. A gbà pé Mùsùlùmí ni wọ́n, pé ọ̀rọ̀ ọwọ́ nìkan ló kù tí wọ́n máa tún ṣe.

Nígbà Iléyá kan, àbúrò bàbá mi tó jẹ́ télọ̀ bá wa bẹ bàbá mi, ó sì mú èmi àti Sílífá lọ jókòó níwájú aṣọ. Ákítọ̀ yọ ìbọn. Ọwọ́ ọ̀tún ni. Ó jẹun. Ọwọ́ ọ̀tún ni. Sílífá fi ìgbọ̀nwọ́ gún mi.

Nígbà tílẹ̀ mọ́, kò jẹ́ kí Ràmátù lanu. "Ọ̀tún ni wọ́n ń lò o. Gbogbo wọn. O kàn ń purọ́ fún wa ni." Àwọn ọmọ rẹ́rìn-ín títí omi igbá fi dà nù. "Ràmátù ẹlẹ́yìn aṣọ, ọwọ́ wo lo fi jẹ ẹ̀kọ láàárọ̀?"

Ràmátù nu ọwọ́ mọ́ ìró ẹ̀. Ó ní, "Ẹ̀yìn ni mo wà. Ohun tí mo rí ni mo sọ." Ó dìde, ó lọ.

Kò lẹ́wà, kò mọ eré sá, bàbá ẹ̀ ti kú. Ìròyìn fíìmù yẹn nìkan ló fi ń níyì láàárín wa, òun ni wọ́n sì gbà lọ́wọ́ ẹ̀.

A wá ń họ igbá láìsọ̀rọ̀. Iṣẹ́ ò yá. Lẹ́yìn ọjọ́ díẹ̀, bàbá mi gbé ọ̀bẹ tó fi ń fín igbá sílẹ̀, ó ní, "Oníròyìn yín dà? Igbá ò tán nílẹ̀ mọ́." Ó fúnra ẹ̀ lọ sẹ́nu ọ̀nà wọn, ó ní, "Ràmátù, máa bọ̀. Bó o ṣe rí i ni kó o sọ ọ́."

Ó wá. Fíìmù kan náà tí èmi àti Sílífá ti wò níwájú ló sọ, ó sì fi ọwọ́ òsì sí gbogbo ibi tó yẹ. Nígbà tó dé ibi tí ákítọ̀ ti na òsì sí ìyá ẹ̀, Sílífá ní, "Tìẹ yìí dùn ju èyí tá a wò lọ." Ràmátù wò ó díẹ̀, ó sì ń bá ọ̀rọ̀ ẹ̀ lọ.

Kò pẹ́ sígbà náà ni wọ́n mú un lọ sí Ìrẹsà, sọ́dọ̀ ìyá bàbá ẹ̀, kó lọ bá wọn kórè. Èéyi mú un níbẹ̀. Ibẹ̀ ni wọ́n sin ín sí. Bàbá mi ló wá sọ fún wa lábẹ́ igi ọ̀dán. Sílífá sunkún débi pé wọ́n gbé e wọlé. Èmi ò sunkún. Mo ń họ igbá mi lọ, mo sì họ ọ́ dáadáa, wọ́n tiẹ̀ yìn mí.

Nígbà tí ọkọ̀ sinimá tún dé, mo yọ́ lọ sẹ́yìn aṣọ, mo jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyá Ràmátù. Kò bi mí ní nǹkan kan. Ó bu gúgúrú fún mi. Bí Ràmátù ṣe wí ló rí: òsì ni gbogbo wọn ń lò. Láàárọ̀, àwọn ọmọ ní kí n ròyìn. Mo ní, "Wọ́n jà. Ó tán." Wọn ò tún ní kí n sọ ọ́ mọ́.

Mo ti wo fíìmù púpọ̀ látìgbà náà, nínú tẹlifíṣọ̀n, nínú fídíò, nínú fóònù. Ọkọ mi, kí Ọlọ́run fọ̀run kẹ́ ẹ, a máa sunkún sí i. Èmi á máa ṣa ẹ̀wà mi. Ákítọ̀ ń kú nísinsìnyí. Wọ́n ti yí òfin padà.

Nírọ̀lẹ́ àná, Bọ́láńlé ní kí n bá òun wo ọ̀kan. Ákítọ̀ kú. Bọ́láńlé nujú, ó ní, "Màmá, kò tiẹ̀ dùn yín?" Mo ní mi ò mọ̀. Mo ní látìbẹ̀rẹ̀ dópin, wọn ò jẹun. Ó rẹ́rìn-ín, ó bi mí pé ta ló kọ́ mi nírú ìyẹn, mo sì sọ gbogbo ọ̀rọ̀ yìí fún un.

Pápá yẹn ti di ilé. Wọ́n ti gé igi ọ̀dán. Àwọn tó ṣì ń fín igbá ò pọ̀ mọ́. Àmọ́ ẹnì kan ṣì ń lọ wo fíìmù, ó ń padà wá sọ ọ́ fún àwọn tí ò lè lọ.

Bọ́láńlé mú fóònù ẹ̀, ó ní, "Màmá, ibì kan wà tí mo lè tẹ̀, ọwọ́ mi nínú fídíò yẹn á padà sí ọ̀tún."

Mo ní kó fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀.