Ọjọ́ tí Mísì Verdell Kọ Ọ́ pé Wọn Yóò Na Ọmọ Òun

Ìyá kì í sọ ọ́ ní gbangba pé wọn yóò na ọmọ òun. Ní Tolliver, ìlú wa ní Alabama, kò sẹ́ni tó jiyàn ọ̀rọ̀ yẹn rí, àfi ní Ọjọ́bọ̀ kan nínú oṣù kẹwàá ọdún 1998, tí ìwé ìròyìn ìlú jáde, tí a ṣí i sí ojú ewé kẹfà, tí ẹnu wa kò sì padé mọ́.

Verdell Pettway lorúkọ ìyá náà. Mísì Verdell là ń pè é. Ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ló fi fọ aṣọ àwọn agbábọ́ọ̀lù Kọ́lẹ́ẹ̀jì Haddon, kọ́lẹ́ẹ̀jì ìlú wa, ibi ìfọṣọ yẹn ló sì ti kọ́ bọ́ọ̀lù Amẹ́ríkà, èyí tí wọ́n ń fọwọ́ gbé sáré. Á gbé ṣòkòtò kan sókè, á ní, "Ẹ wò ó, ìdí nìkan lẹrẹ̀ wà. Ṣe ni wọ́n ń dá ọmọ yìí jókòó. Ti èyí, orúnkún ló dọ̀tí. Ìyẹn ń jà." Nígbà tó fẹ̀yìn tì, Clovis Haskins, olóòtú ìwé ìròyìn wa, lọ bẹ̀ ẹ́ pé kó máa bá òun sọ ẹni tí yóò borí nínú ìdíje mẹ́wàá tí àwọn kọ́lẹ́ẹ̀jì ń gbá lópin ọ̀sẹ̀, kó sì kọ iye ayò tì í.

Kò fi iṣẹ́ náà ṣeré. Á ka ìwé ìròyìn àwọn ìlú mìíràn, á gbọ́ rédíò tòun ti pẹ́ńsù létí, á bi àwọn awakọ̀ akẹ́rù bóyá òjò rọ̀ níbi tí wọ́n ti ń bọ̀. Èmi tí mo ń pín lẹ́tà ládùúgbò mọ̀ ọ́n, torí ẹnu ọ̀nà rẹ̀ ni mo ti máa ń sinmi. Ọ̀sẹ̀ tó bá gba méje péré nínú mẹ́wàá, ara rẹ̀ kì í yá. Àwọn ọkùnrin tí kì í gbọ́ ti ìyàwó wọn ń gbọ́ tirẹ̀.

Nígbà tó di ọdún kẹfà tó ti ń kọ ọ́, Haddon fi ọmọ kan ṣoṣo tó bí, Rayford, ṣe akọ́nimọ̀ọ́gbá wọn. Láti ọjọ́ náà, kò sí ọ̀sẹ̀ tí Mísì Verdell kò fi Haddon síwájú, bó tilẹ̀ jẹ́ ayò kan péré. Ọ̀sẹ̀ tí mò ń wí yìí, Kọ́lẹ́ẹ̀jì Marlow ló ń bọ̀ wá bá wa, àwọn tí wọ́n ti gbá ìdíje méje láìpàdánù ọ̀kan. Ohun tó sì kọ sílẹ̀ ni: *Marlow mọ́kànlélọ́gbọ̀n, Haddon mẹ́tàlá.*

Láàárọ̀ yẹn, ìwé ìròyìn náà dé ṣọ́ọ̀bù onígbàjámọ̀. Ottis tó ni ṣọ́ọ̀bù gbé abẹ dúró sára ọrùn oníbàárà.

"Ìtẹ̀wé ló ṣì í," ló wí. "Wọ́n gbé nọ́ńbà ẹgbẹ́ kan fún èkejì."

"Mo ti pe Clovis," lẹnìkan dáhùn. "Ó ní bó ṣe kọ ọ́ nìyẹn. Ó ní òun pàápàá bi í lẹ́ẹ̀mẹta."

"Ọmọ tó bí nínú ara rẹ̀! Ṣé orí obìnrin yìí pé báyìí?"

Mo gbé lẹ́tà dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ nígbà tó ku díẹ̀ kó di ọ̀sán. Ó ń bó kúkúńdùnkún ní ìdáná. Bí mo ṣe fẹ́ ṣí ẹnu ni fóònù dún. Rayford ni. Ohùn rẹ̀ ròkè débi pé mo ń gbọ́ ọ láti ìdí tábìlì.

"Màmá, ẹ ti rí ìwé ìròyìn tòní?"

"Ta ló kọ ọ́?"

"Ẹ ní mẹ́tàlá."

"Mẹ́wàá ni mo kọ́kọ́ kọ. Mo fi mẹ́ta kún un torí èmi ni mo bí ọ."

"Kí ni mo fi ṣẹ̀ yín, Màmá?"

"O ò ṣẹ̀ mí. Rayford, láti kékeré lo kì í ti bọ́ sódò láìfi igi wọ̀n ọ́n. Ó dáa bẹ́ẹ̀, òun ló jẹ́ kó o dàgbà. Àmọ́ a kì í fi ìṣọ́ra na Marlow. Bí mo bá parọ́ torí tìẹ, kí ni kí n wá sọ fún àwọn tó ń kà mí?"

Rayford ní òun ti gbọ́, ó sì gbé fóònù sílẹ̀. Mísì Verdell mú ọ̀bẹ, ó ń bó kúkúńdùnkún kan náà tó ti bó tán.

Ní Sátidé, mo jókòó tì í lórí àga gígùn. Kò sẹ́ni tó kí i dáadáa. Ìyá kan tí wọ́n jọ ń kọrin ní ṣọ́ọ̀ṣì dìde kúrò nítòsí wa, ó ní oòrùn ń pa òun, bẹ́ẹ̀ òjìji la wà. Nígbà tí wọ́n fi máa lọ sinmi, Marlow ti ní ogún, a ní méje. Àwọn tó jókòó níwájú wa ń bojú wẹ̀yìn wò ó bí ẹni tó gbé àìsàn wọ̀lú. Ó sọ fún mi kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ pé, "Mo gbàdúrà pé kí n ṣì í. Mi ò gbàdúrà bẹ́ẹ̀ rí."

Lẹ́yìn ìsinmi, àwọn ọmọ Rayford jáde bí ẹni tí oyin ń lé. Wọ́n gbé bọ́ọ̀lù wọlé, wọ́n tún gbé e wọlé. Marlow náà fi kún tiwọn. Nígbà tó ku ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀, Marlow ní mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n, a ní ogún, bọ́ọ̀lù sì wà lọ́wọ́ wa. Ọmọ tó ń ju bọ́ọ̀lù fún wa jù ú sí igun pápá, ẹnìkan fò, ó gbá a mú. Ayò mẹ́fà, a di mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n! Gbogbo pápá mì tìtì.

Ó wá ku ohun kan, ìgbìyànjú kan ṣoṣo tí wọ́n máa ń fún ẹni tó bá gbé bọ́ọ̀lù wọlé. Bí a bá gbá bọ́ọ̀lù gba àárín òpó méjèèjì, ayò kan nìyẹn, a ó bá wọn dọ́gba, a ó sì gbá àfikún. Ohun tí gbogbo ayé máa ń ṣe nìyẹn. Bí a bá sì tún gbé e wọlé lẹ́ẹ̀kan sí i, ayò méjì ni, a borí. Bí wọ́n bá dá wa dúró, ó parí.

Ọmọ tó ń gbá bọ́ọ̀lù gba òpó ti ń sáré bọ̀. Rayford na ọwọ́ dá a padà. Ó gbé ìka méjì sókè.

Mísì Verdell dìde dúró. "Rárá o! Rayford! Gbà á ní kan! Ta ló wọ inú ọmọ mi?"

Wọ́n tò. Ọmọ tó ń ju bọ́ọ̀lù ṣe bí ẹni tó fẹ́ jù ú, gbogbo Marlow fò sókè, ló bá gbé e sáyà, ó fi orí wọ àárín wọn bí àgbò. Òkìtì èèyàn wó lé e lórí. A ò rí nǹkan kan. Lẹ́yìn náà ni adájọ́ gbé ọwọ́ méjèèjì sókè.

Méjìdínlọ́gbọ̀n sí mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n.

Àwọn èèyàn ń fò lára wa, wọ́n ń da ọtí ẹlẹ́rìndòdò síra wọn lórí. Mísì Verdell jókòó, ojú rẹ̀ kò kúrò lára Rayford. Mo rò pé nǹkan ti ṣe é. Mo gbá a lọ́wọ́ mú.

"Èmi ni mo bí i," ló wí nígbà tó yá. "Ogójì ọdún ó lé kan. Mi ò mọ ọkùnrin yẹn rí."

Lọ́jọ́ Àìkú, Rayford wá jẹun bó ṣe máa ń ṣe. Èmi náà wà níbẹ̀. Adìẹ díndín ni, pẹ̀lú ewébẹ̀ àti búrẹ́dì àgbàdo. Ó jẹun títí, kò mẹ́nu ba bọ́ọ̀lù, àfi ìgbà tí ìyá rẹ̀ ju ṣíbí sílẹ̀.

"Ta ló kọ́ ọ nírú ẹ̀?"

"Màmá, ọdún mẹ́ta ni mo fi ń bẹ̀rù pé ní ọjọ́ kan, ẹ máa kọ ọ́ pé n ò lè ṣe é. Oorun ò kùn mí lálẹ́ Ọjọ́rú kankan. Ẹ wá kọ ọ́. Ilẹ̀ mọ́, mo ṣì wà láàyè. Ẹ̀rù wo ló kù?"

Ìyá rẹ̀ wò ó títí. Kò rẹ́rìn-ín, kò sunkún. Ó ní, "Ọdún mẹ́ta? Látorí ìwé tèmi?" Ó sì bu adìẹ kún àwo rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ẹran tó wà níbẹ̀ kò tíì tán.

Mẹ́sàn-án nínú mẹ́wàá ni Mísì Verdell gbà lọ́sẹ̀ yẹn, kò sì tíì gbà tó bẹ́ẹ̀ rí. Kò sẹ́ni tó bi í léèrè mẹ́sàn-án.

Lọ́jọ́ Ajé, ó lọ bá Clovis, ó ní òun ò ní kọ nǹkan kan nípa Haddon mọ́ níwọ̀n ìgbà tí Rayford bá wà níbẹ̀. Clovis bẹ̀ ẹ́ títí, kò gbọ́. Láti ìgbà náà, ìlà kan máa ń ṣófo lójú ewé kẹfà. Ní Ọjọ́bọ̀, àwọn ọkùnrin ṣọ́ọ̀bù Ottis á gba pẹ́ńsù lọ́wọ́ ara wọn, wọ́n á máa kọ tiwọn síbẹ̀, wọ́n á máa jà lé e lórí.