Ìwé Ọpọlọ àti Ohùn Ìyá Mi

Ọmọbìnrin mi ní ìwé nípa ọpọlọ lòun fẹ́ kà ní yunifásítì. Mo ní ọpọlọ wo? Ó ní èyí tó wà nínú agbárí, bó ṣe ń ronú, bó ṣe ń rántí. Inú bí mi. Èmi tí mò ń ṣọ́ ilé ẹrù ní ilé iṣẹ́ kan ní Ìkòròdú, ṣé mo lọ yunifásítì kí n tó mọ bí wọ́n ṣe ń ronú ni?

Kò bá mi jà. Ó gbé fóònù rẹ̀ jókòó tì mí ní pálọ̀ wa ní Lásùnwọ̀n, ó ń fi ilé ìwé wé ilé ìwé. Ti òkè òkun ní ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń wo inú orí alààyè láì là á, ṣùgbọ́n ilẹ̀ kan ṣoṣo tí mo ní ní àdúgbò Agric ni yóò gbé mì. Owó ti aládàáni tó wà níbí dín díẹ̀, àmọ́ ẹ̀kọ́ náà ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ibẹ̀ ni. Ti ìjọba ò ní ẹ̀kọ́ tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀ rárá. Fisiọ́lọ́jì, ẹ̀kọ́ nípa bí ara ṣe ń ṣiṣẹ́, ni wọ́n ní, ọpọlọ sì kàn jẹ́ apá kan nínú rẹ̀. Mo ní ti ìjọba ni, ọ̀rọ̀ parí. Ọ̀rọ̀ ò parí. Oṣù méjì la fi ń fà á.

Mo bá mú un lọ sí Ẹ̀pẹ́, kí ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin lè bá mi bá a wí. Ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni ìyá wa wà. Ìyá tó ta ẹja ní gbogbo ayé rẹ̀, tí ẹnikẹ́ni ò borí rẹ̀ nínú ọ̀rọ̀ ẹnu, àtìgbà tí àrùn rọpárọsẹ̀ ti kọ lù ú, kò lè pe omi ní omi mọ́. Á la ẹnu, á wá ọ̀rọ̀ náà títí, omijé á máa bọ́ lójú rẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n mi ń bèèrè pé iṣẹ́ wo ni wọ́n ń fi ìwé ọpọlọ ṣe, nígbà tí mo rí i pé ọmọ yìí ti kúrò lọ́dọ̀ wa. Ó ti kúnlẹ̀ síwájú ìyá àgbà rẹ̀, ó di ọwọ́ rẹ̀ mú. Ó bẹ̀rẹ̀ Fátíhà jẹ́jẹ́, bí wọ́n ṣe ń kà á nílé kéwú. Ó ka ìlà kan, ó dákẹ́.

Ìyá mi gbà á lẹ́nu rẹ̀. Ó kà á lọ geere, kò fo ọ̀rọ̀ kan, ó ṣe àmín. Ohùn rẹ̀ ni, ohùn tó fi ń jí wa kírun! Orí mi wú. Ẹ̀gbọ́n mi jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Ìyá wa fẹ́ bá wa sọ̀rọ̀ sí i, ọ̀rọ̀ tún sá lọ. Mo tẹjú mọ́ orí kékeré ìyá mi yẹn lábẹ́ ìborùn rẹ̀. Ta ló mọ ohun tí Ọlọ́run kó pamọ́ síbẹ̀?

Mo bi ọmọ mi pé báwo ni Fátíhà ṣe wà níbẹ̀, tí omi ò sí níbẹ̀.

"Bàbá mi, wọ́n ní ohun tí a bá ti há sórí tipẹ́ máa ń dá wà lọ́tọ̀ sí ọ̀rọ̀ tí à ń sọ lójoojúmọ́. Mi ò tíì mọ ìdí rẹ̀ dáadáa. Òun ni mo fẹ́ lọ kọ́."

Mo ní ó tán, màá ta ilẹ̀ Agric, kó máa lọ sókè òkun. Mi ò bi ẹnikẹ́ni. Ẹ̀gbọ́n mi náà ní òun á fi díẹ̀ kún un. Ọmọ náà mi orí pé rárá.

"Ẹ̀rọ wà lókè òkun lóòótọ́, ṣùgbọ́n màmá àgbà ò sí níbẹ̀. Ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ ní ti ìjọba, kí n lè máa wá bá wọn ka Fátíhà lópin ọ̀sẹ̀."

Ohun tí mo fi oṣù méjì jà fún ló gbé lé mi lọ́wọ́ yẹn, kò sì dùn mọ́ mi rárá. Mo bọ́ sẹ́yìn ilé, mo sunkún bí ọmọdé.